Lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ onílé wa: ẹ má bẹ́ àwọn igi wa lórí

Ẹ̀yin alága, akọ̀wé àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ kú iṣẹ́ àdúgbò.

Mo ti ka ìwé tí ẹ lẹ̀ mọ́ ẹnu géètì. Ó ní kí oníkálukú gé igi tó bá ga ju òrùlé rẹ̀ lọ sí ìdajì kí àkókò ìjì tó wọlé. Pé ẹni tí kò bá gé tirẹ̀, ẹgbẹ́ yóò bá a gé e, òun ni yóò sì san owó iṣẹ́. Àti pé láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo ilé yóò máa dáwó kí wọ́n lè máa fín oògùn kòkòrò sí gbogbo igi àdúgbò lóṣooṣù. Ohun tó fa ìwé náà kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Igi tó wó lu ògiri lọ́jọ́sí já gbogbo wa láyà, ọpẹ́ ni pé kò sí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí igi mìíràn sì na ẹ̀ka sórí yàrá tí ọmọ rẹ̀ ń sùn sí, kò ní fẹ́ gbọ́ àlàyé kankan.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ igi ni mo fi ń jẹun, àárín yín ni mo sì ń gbé, n kò lè dákẹ́. Bí a bá ṣe ohun tí ìwé yẹn wí, àwọn igi tó ń bà yín lẹ́rù lónìí láìnídìí yóò di èyí tó yẹ kó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù ní ọdún díẹ̀ sí i. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ìjì ni ikú òde. Kòkòrò náà, ikú òde ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí àwa fúnra wa ń ṣe sí igi láti ọdún pípẹ́ wá ni ikú ilé, orí rẹ̀ ni mo sì fẹ́ bá yín jíròrò.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí igi tó wó yẹn. Kí wọ́n tó kó o kúrò nílẹ̀, mo lọ wo ìdí rẹ̀. Ní ìhà kan, gbòǹgbò rẹ̀ gùn, ó sì fà erùpẹ̀ dání. Ní ìhà kejì, gígé ni wọ́n ti gé gbòǹgbò ibẹ̀ tipẹ́, ojú gígé náà ti dúdú, ó sì ti jẹrà wọnú. Ibẹ̀ ni kòtò páìpù omi gbà kọjá. Kòtò náà kò jìn, ẹni tó gbẹ́ ẹ kò sì ní mọ̀ pé òun pa igi lára, nítorí ewé kan kò rọ lórí igi lọ́sẹ̀ tó ṣiṣẹ́ náà. Ìhà kòtò yẹn ni atẹ́gùn ti fẹ́ wá lálẹ́ ọjọ́ ìjì. Gbòǹgbò ìhà tí atẹ́gùn ti ń bọ̀ ló máa ń di igi mú kó má wó, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́ tó lè dì í mú. Olú líle pẹlẹbẹ kan náà ti wà ní ìdí igi yẹn kí ìjì tó dé, àwọn ọmọdé a máa fi ọ̀pá gbá a ṣeré. Irú olú bẹ́ẹ̀ ní ìdí igi jẹ́ èso ohun tó ti ń jẹ igi náà nínú láti ọjọ́ pípẹ́. Igi náà ga lóòótọ́. Gíga rẹ̀ kọ́ ló wó o.

Wàyí o, kí ni bíbẹ́ igi lórí máa ń ṣe? Inú ewé ni igi ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ rẹ̀. Bí a bá gé ìdajì orí rẹ̀, a ti gba ìdajì oúnjẹ rẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kò ní kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Yóò kó oúnjẹ tó ti fi pamọ́ sínú ara rẹ̀ jáde, yóò fi hu ẹ̀ka tuntun wọ̀ìwọ̀ì ní gbogbo ibi tí a ti gé e. Àwọn ẹ̀ka wọ̀nyí máa ń yára ga, ẹni tó bá wò wọ́n láti ojú pópó á ní igi ti padà bọ̀ sípò. Irọ́ ni. Ẹ̀ka tí igi yọ láti kékeré rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ nínú igi. Bí igi ṣe ń sanra lọ́dọọdún ni ó ń wé ìdí ẹ̀ka náà mọ́ ara. Èyí tó hù lẹ́yìn bíbẹ́ kò ní irú ìdí bẹ́ẹ̀, eteetí lásán ló rọ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojú ibi gbàgàdà tí a gé ń jẹrà lọ sísàlẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ̀ka náà bá fi wúwo tó, ohun tó dúró lé ti jẹrà. Ìjì kò ní ṣe wàhálà púpọ̀ kó tó ya á. Àti pé láàárín ọdún mélòó kan, igi náà yóò ti padà ga tó bó ṣe ga tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ yóò tún dáwó, wọn yóò tún gé e. Ẹni tó ń gé igi nìkan ló jèrè.

Ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan wà, Alex Shigo, onímọ̀ àrùn igi tó bá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí igbó níbẹ̀ ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ní ìbú nìkan ló ń gé igi wò. Ó fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ní òró, ó ń tọ ipa ọgbẹ́ nínú wọn. Ohun tó rí, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1977, ni pé igi kì í wo ọgbẹ́ sàn. Ara tiwa máa ń fi ẹran tuntun dípò èyí tó bàjẹ́. Igi kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Odi ló máa ń mọ yí ibi tó bàjẹ́ ká kí ìjẹrà má baà kọjá, lẹ́yìn náà yóò máa sanra lọ lẹ́yìn odi. Gbogbo ọgbẹ́ tí igi ti gbà láti ọjọ́ tó ti hù ṣì wà nínú rẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá kéré, tí igi sì lágbára, odi náà á dúró. Bí ọgbẹ́ bá tóbi tó àwo, tó sì wà ní ibi mẹ́wàá lórí igi kan náà tí a ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, níbo ni yóò ti rí agbára mọ odi?

Iṣẹ́ Shigo yìí náà ló jẹ́ ká mọ ibi tó yẹ ká fi ayùn sí. Bí ẹ bá wo ìdí ẹ̀ka dáadáa, níbi tó ti pàdé ara igi, ẹ ó rí i pé ó wú díẹ̀ yíká. Ibi tó wú yẹn ni ohun tí igi fi ń mọ odi wà. Ìta rẹ̀ gẹ́lẹ́ la ti ń gé ẹ̀ka: a kì í fá a mọ́ ara igi, a kì í sì í fi kùkùté gígùn sílẹ̀. Ẹ̀ka tó bá wúwo, a ó kọ́kọ́ fi ayùn dá a lápá lábẹ́, ní iwájú díẹ̀ sí ìdí rẹ̀, a ó wá gé e láti òkè kó bọ́ sílẹ̀, ẹ̀yìn èyí la ó wá gé ìyókù ní ibi tó yẹ. Bí a bá gé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè, bó ṣe ń já lọ ni yóò máa bó èèpo ara igi wálẹ̀. Kíkun ọ̀dà tàbí ọ̀dà dúdú sójú ọgbẹ́ kò dá ìjẹrà dúró, nígbà mìíràn ṣe ló ń há omi mọ́ inú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀.

Nínú igi tó ti dàgbà, ìdá kan nínú mẹ́rin ewé rẹ̀ ti pọ̀ jù láti gé lọ́dún kan. Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹ sì ṣọ́ra fún àwọn tó máa ń gun igi lọ kó gbogbo ẹ̀ka wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n á fi ewé sílẹ̀ sí ṣóńṣó ẹ̀ka nìkan. Ojú á mọ́ kedere, onílé á ní iṣẹ́ dára. Àṣé wọ́n ti kó gbogbo ẹrù igi lọ sí ṣóńṣó, ibi tí atẹ́gùn ti lè fi ẹ̀ka náà ṣe bó ṣe fẹ́.

Orí igi ni gbogbo wa ń wò, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni mo ti sábà ń rí ọ̀ràn. Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé bí igi ṣe ga sókè ni gbòǹgbò rẹ̀ jìn wọlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò igi kò jìn ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń tàn kálẹ̀ kọjá ibi tí òjìji igi dé, nígbà mìíràn ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta fífẹ̀ orí rẹ̀. Ibi tí a ń gbẹ́ kòtò sí, tí a ń páàkì mọ́tò sí, tí a ń da kọnkéré sí gan-an ni gbòǹgbò ń gbé. Ìlànà tí àwọn akọ́lé ń tẹ̀ lé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí igi tí wọ́n fẹ́ dá sí rọrùn: wọ́n á wọn ìbú ara igi níbi tó ga tó mítà kan ààbọ̀, wọ́n á sọ ọ́ di ìlọ́po 12, iye yẹn ni wọn yóò fi jìnnà sí igi káàkiri kí ṣọ́bìrì tó wọlẹ̀. Igi tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ìdajì mítà, mítà mẹ́fà nìyẹn ní gbogbo ìhà. Ẹ fi ìyẹn wé bí kòtò páìpù ti jìnnà tó sí àwọn igi wa.

Kí ṣọ́bìrì má kàn án kò tó. Ilẹ̀ tí mọ́tò àti ẹsẹ̀ ti tẹ̀ le koko ń há gbòǹgbò mọ́lẹ̀, nítorí gbòǹgbò ń mí, àlàfo inú erùpẹ̀ ni afẹ́fẹ́ àti omi sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìtàn kan wà lórí èyí tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa igi lọ. Ní òru ọjọ́ 15 mọ́jú ọjọ́ 16, oṣù kẹwàá ọdún 1987, ìjì jà ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wó nǹkan bíi mílíọ̀nù 15 igi. Ewé ṣì wà lórí wọn, òjò sì ti rọ ilẹ̀. Nínú ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, igi óákù àgbàlagbà kan wà tí wọ́n ń pè ní Turner's Oak, tí wọ́n gbìn ní ọdún 1798. Ara igi náà kò dá ṣáṣá kí ìjì tó dé. Atẹ́gùn gbé e sókè tòun ti gbòǹgbò àti erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, ó sì tún gbé e jókòó sí ojú rẹ̀. Igi tó wó nínú ọgbà náà pọ̀ débi pé wọ́n kàn fi ọ̀pá gbé èyí dúró, wọ́n ní àwọn yóò padà wá gé e. Ó tó nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó dé orí rẹ̀. Wọ́n bá a tó ń dàgbà ju bó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ! Ìjì ti tú ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ àwọn olùbẹ̀wò ti tẹ̀ le láti ọdún gbọọrọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tó ń tu atẹ́gùn líle tú ilẹ̀ ìdí àwọn igi àgbà ibẹ̀, láìfi irin kan gbòǹgbò.

Àwa kò nílò ẹ̀rọ kó tó di pé a gbé mọ́tò wa kúrò. Ewé tí àwa ń gbá dànù tàbí tí a ń sun ni igi ì bá fi bo ilẹ̀ ìdí rẹ̀: kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, kó fẹ̀ bí ààyè bá ti gbà, kó má sì kan ara igi rárá. Ibi tí mo ti rí i tí wọ́n kó o jọ gègèrè mọ́ ìdí igi, èèpo abẹ́ rẹ̀ ń rà. Bákan náà ni erùpẹ̀ tí a kó lé ìdí igi kí ojú ọgbà lè tẹ́. Ìdí igi yẹ kó gbòòrò bó ṣe ń wọlẹ̀. Bí igi bá wọlẹ̀ gbọnrangandan láìgbòòrò, ẹnìkan ti bo ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Wáyà tí a so yí igi ká láti sá aṣọ ń fún un lọ́rùn bó ti ń sanra. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko tó ń bó èèpo ìdí igi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ burú ju wáyà lọ, nítorí abẹ́ èèpo gan-an ni ọ̀nà tí oúnjẹ fi ń ti orí lọ sí gbòǹgbò wà. Bí ó bá bó o yíká, igi náà ti kú, kò kàn tíì mọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí oògùn oṣooṣù. Mo bẹ̀ yín, kòkòrò wo ni ẹ fẹ́ pa? Bí ẹnikẹ́ni kò bá lè dárúkọ rẹ̀, oògùn náà kò níṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò tó wà lórí igi kì í pa á. Oògùn tí a fín sórí ewé yóò pa aláǹtakùn, agbọ́n àti oyin, yóò pa àwọn tó ń jẹ kòkòrò burúkú ṣáájú kòkòrò burúkú fúnra rẹ̀, ìgbà mélòó ni mo sì ti rí igi tí kòkòrò kéékèèké tó ń fa omi ewé wá bò pátápátá lẹ́yìn irú fífín bẹ́ẹ̀. Ìdin tó ń pa igi, abẹ́ èèpo ló wà. Oògùn orí ewé kì í dé ibẹ̀. Ikán tí ẹ ń rí lára igi náà, igi tó ti kú nínú ló sábà ń wá jẹ. Ẹ wá ohun tó pa ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó bá ikán jà.

Ọ̀pọ̀ kòkòrò tó ń gbẹ́ igi máa ń mọ igi tí kò lágbára, òun ni wọ́n ń yà sí. Igi tó lókun á fi oje rẹ̀ rì wọ́n mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bíbẹ́ igi lórí àti gígé gbòǹgbò fi jẹ́ ìpè fún kòkòrò. Ṣùgbọ́n n kò ní tàn yín: àwọn kan wà tí kì í wo alágbára tàbí aláìlágbára, àwọn wọ̀nyí sì sábà máa ń jẹ́ àlejò láti ilẹ̀ mìíràn. Ní ọdún 2002, wọ́n rí kòkòrò aláwọ̀ ewé kan nítòsí Detroit ní Amẹ́ríkà, tó wá láti Éṣíà. Irú igi kan tí wọ́n ń pè ní ash ni oúnjẹ rẹ̀. Ìdin rẹ̀ ń jẹ ọ̀nà wọ́gọwọ̀gọ lábẹ́ èèpo títí ọ̀nà oúnjẹ igi yóò fi já, nígbà tó bá sì ń jáde, ihò tó ń dá kò ju mìlímítà 3 sí 4 lọ, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ tẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì rí roboto. Ọ̀kẹ́ àìmọye mílíọ̀nù igi ló ti pa. Kò lè fò lọ jìnnà fúnra rẹ̀; igi ìdáná tí àwọn ènìyàn ń kó sẹ́yìn ọkọ̀ ló gbé e káàkiri. Ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n dá kòkòrò mìíràn mọ̀ ní ọdún 2017 tí kò ju mìlímítà méjì lọ, tó ń gbé irú olú kan wọnú igi tí olú náà á sì dí ọ̀nà omi rẹ̀. Oríṣiríṣi igi ló ń bá jà, kì í ṣe ẹyọ kan.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ fi òfin dè ni kíkó igi ìdáná tí a kò mọ ibi tó ti wá wọ àdúgbò, kó má ṣe jẹ́ gíga igi. Kí a sì máa fi ojú wá àmì: ihò wẹ́wẹ́ lára èèpo, ìyẹ̀fun igi ní ìdí rẹ̀, oje tó ń ṣàn láìsí ọgbẹ́, ewé tó ń fọ́nká láti orí wálẹ̀, ẹyẹ àkókó tó ń ṣa ara igi kan náà lójoojúmọ́. Àkókó kì í wá ṣeré, ìdin ló ń wá. Àfòmọ́ náà ń bẹ lórí àwọn igi mélòó kan lójú pópó kejì, tó ń fa omi inú wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e pẹ̀lú díẹ̀ nínú ẹ̀ka tó dì mọ́, torí bí wọ́n bá kàn já ewé rẹ̀, yóò tún hù. Bí ó bá sì di pé kòkòrò kan tí a ti mọ orúkọ rẹ̀ dé lóòótọ́, oògùn wà tí wọ́n ń gún sínú ara igi, tí yóò bá omi inú igi lọ dé gbogbo ẹ̀ka. Wọ́n fi ń dá àwọn igi ash sí ní Amẹ́ríkà, ó sì ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá tètè lò ó. Igi tí ìdajì orí rẹ̀ ti gbẹ, owó á ṣòfò lórí rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan lórí àrùn, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ojú pópó wa kan wà tó jẹ́ igi kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rẹwà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn igi elm ṣe tò sí ojú pópó ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kí àrùn tí kòkòrò ń gbé kiri tó dé bá wọn. Ní Bìrìtìkó nìkan, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1960 pa ju mílíọ̀nù 25 lọ. Bí igi bá jẹ́ irú kan náà, tí wọ́n sì sún mọ́ra, gbòǹgbò wọn máa ń so pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, àrùn á sì gba ibẹ̀ kọjá láìdúró de kòkòrò. Frank Santamour, ọ̀gá kan nínú ìmọ̀ igi ní Amẹ́ríkà, dábàá ní ọdún 1990 pé kí irú igi kan ṣoṣo má ṣe ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ láàárín igi ìlú. Nígbà tí a bá ń gbin òmíràn dípò èyí tó wó, kó má jẹ́ irú rẹ̀.

Kí ni ká wá máa wò kí ìjì tó dé? Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ dúró lókèèrè, ẹ wo orí igi. Ẹ̀ka tó bá ti gbẹ, ẹ gé e kúrò. Kò sí ẹni tí yóò bá yín jiyàn lórí ìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí igi ti pín sí méjì. Bí apá méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà, tí wọ́n sì fún mọ́ra bí wọ́n ṣe ń lọ sókè, èèpo ló wà láàárín wọn níbẹ̀, igi kò so wọ́n pọ̀. Ibẹ̀ ni ìjì ti máa ń la igi. Bí igi náà bá ṣì kéré, a ó gé apá kan kúrú. Bí ó bá ti dàgbà, àwọn tó mọ iṣẹ́ lè fi okùn líle so apá méjèèjì pọ̀ lókè, kí wọ́n sì máa yẹ okùn náà wò lọ́dọọdún.

Ẹ wá sún mọ́ ìdí rẹ̀. Igi tó ti tẹ̀ láti kékeré, tí orí rẹ̀ sì ti yí padà gba òkè, ó ti mọ bí òun yóò ṣe dúró. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀, tí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ là tàbí tó wú sókè, òun ni ká sá fún. Ihò inú igi kì í ṣe ìdájọ́ ikú. Páìpù irin ṣófo nínú, síbẹ̀ ó ń gbé òrùlé dúró, torí eteetí ni agbára wà. Claus Mattheck, onímọ̀ ará Jámánì kan, fi igi tó dúró wé èyí tó wó, ó sì rí i pé bí ara líle tó kù yíká bá nípọn tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìdajì ìbú igi náà, kì í sábà jẹ́ ihò ló ń wó o. Kí ẹnikẹ́ni má sì da símẹ́ńtì sínú ihò igi. Igi ń fì, símẹ́ńtì kì í fì, ó máa ń lọ inú igi ni.

Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn àwọn ìjì ńlá ní Flórídà, igi tó wà ní agbo kò wó tó èyí tó dá dúró, èyí tí wọ́n sì ti ń gé bó ṣe yẹ dúró ju èyí tí wọn kò fọwọ́ kàn rí lọ. Ẹ rí i pé n kò ní kí ẹ má gé igi. Mo ní kí a gé e bó ṣe yẹ, kí a má sì gé mẹ́jọ lulẹ̀ kí ìkẹsàn-án lè nìkan gba atẹ́gùn tí wọ́n ti jọ ń gbà láti kékeré.

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ yín kò pọ̀. Ẹ yọ ìwé yẹn kúrò ní géètì. Ẹ lo owó oògùn oṣù àkọ́kọ́ láti fi pe onímọ̀ igi tí kì í gba owó lórí iye igi tó bá gé, kó yí àdúgbò ká, kó kọ èyí tó nílò iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín tó sì ní òun yóò bẹ́ wọn lórí, tàbí tó fi irin ṣóńṣó sẹ́sẹ̀ gun igi tí a kò fẹ́ wó, ẹ dá a padà lẹ́nu géètì. Gbogbo ìṣísẹ̀ irin náà ló ń dá ọgbẹ́ sí ara igi. Kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ gbẹ́ kòtò sì kọ́kọ́ fi tó yín létí, kí a lè wọn ibi tó máa gbà.

Àwọn kan máa lọ o. Mo ti ka mẹ́rin tí èmi fúnra mi yóò fọwọ́ sí gígé wọn lulẹ̀ pátápátá, mo sì ṣetán láti bá yín rìn dé ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n sọ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn kò gbọdọ̀ dúró de ìpàdé: èyí tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìpàdé wa, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ sí ìhà ibi tí a ń páàkì mọ́tò sí. Ilẹ̀ ti là lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ mi wọ ibẹ̀ dé ọrùn ọwọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ní kí àwọn ènìyàn kó mọ́tò kúrò lábẹ́ rẹ̀ lónìí, kí ẹ sì pe ẹni tí yóò gé e lọ́sẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín,
ọmọ àdúgbò.